Àáró Ìwàásù Sànyà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí mo rò nípa ikú, kí ó má ṣe bi mí léèrè nígbà tí ọwọ́ mi wà nínú ìyẹ̀fun. Mo sọ ọ́ fún Sànyà títí ó fi sú mi, ọmọ náà kò gbọ́. Ilé wa wà lẹ́yìn téṣàn rélùwéè ní Agége, iṣẹ́ búrẹ́dì ni a sì ń ṣe níbẹ̀. Làsísì ọkọ mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Sùlíyá, ló ni ilé, òun náà ló ni àdìrò; èmi Sàídátù, Ìyá Sùlíyá, ni mo ni ariwo tí iṣẹ́ fi ń lọ. Bí mo bá ti ń po ìyẹ̀fun, tí òógùn ń kán sí mi lójú, nígbà náà gan-an ni Sànyà máa ń yọ sí mi pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì létí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, kí lẹ rò pé ó ń ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn lẹ́yìn ikú?"

"Tí o bá pẹ́ níbi tí o dúró sí yẹn, wàá fojú ara rẹ rí i."

Á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, á sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ayálégbé wa ni Sànyà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń kọ́ṣẹ́ ajíhìnrere ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọ wọn dá sílẹ̀ lọ́nà Ìkẹjà. Orúkọ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ wọn lọ́dún yẹn gùn ju rélùwéè lọ: Ìtànkálẹ̀ Ìhìnrere Láàárín Onírúurú Ẹ̀yà àti Ẹ̀sìn ní Ayé Òde Òní. Olùkọ́ wọn ní ayé ti yí padà. Ó ní Agége kì í ṣe abúlé olóko obì mọ́. Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, Haúsá wà níbẹ̀, àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ kún ibẹ̀ fọ́fọ́, katakata sì ti ń wú ilẹ̀ ní Ìkẹjà kí wọ́n lè kọ́ ilé-iṣẹ́ sórí rẹ̀, èyí tó fi hàn pé àwọn mìíràn ṣì ń bọ̀. Nítorí náà, ajíhìnrere òde òní gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìṣe àwọn ènìyàn kí ó tó lanu bá wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Àwa tí wọ́n fẹ́ mọ ìṣe wa ni ojú ń pọ́n.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá Sùlíyá wà ní balùwẹ̀, ó ń da omi sára, Sànyà lọ dúró lẹ́yìn páànù.

"Ẹ kú ìwẹ̀, Bàbá. Ṣé omi tí ẹ ń dà sára yẹn ní ìtumọ̀ kan nínú ẹ̀sìn yín?"

"Ó ní," ni ọkọ mi dáhùn. "Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé mo ń rùn."

Ṣùgbọ́n a fẹ́ràn rẹ̀. Kí n má purọ́, ọmọ gidi ni. Kò sí àárọ̀ tí kì í kí wa lórí ìdọ̀bálẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí n gbé garawa omi tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Ó ní ọmọbìnrin kan tó fẹ́ fi ṣaya, Ìbísọ́lá, tí ń kọ́ aṣọ rírán ní Ìkẹjà, ọmọ kúkúrú tó máa ń rẹ́rìn-ín kí ó tó gbọ́ ohun tó ń pa ni lẹ́rìn-ín. Alàgbà ìjọ ni bàbá Ìbísọ́lá, ó sì ti là á mọ́lẹ̀ pé òun kò bí ọmọ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ọjọ́ tí Sànyà bá yege, tí wọ́n sì fún un ní ìjọ tí yóò máa tọ́jú, ọjọ́ náà ni kí ó wá tọrọ ọmọ. Nígbà tí à ń wí yìí, akọ̀wé rélùwéè kan ti ń yà kí wọn nílé lemọ́lemọ́, ó sì ń gbé ẹja gbígbẹ dání.

Kí Sànyà tó lè yege, ó gbọ́dọ̀ wàásù ní gbangba fún àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn, kí Pásítọ̀ Adéríbigbé, ọ̀gá àwọn olùdánwò, dúró kí ó máa wò ó. Téṣàn ni ó kọ́kọ́ yàn. Ó ní gbogbo ẹ̀yà ló ń pàdé níbẹ̀. Òótọ́ ni, gbogbo ẹ̀yà pàdé: Haúsá olóbì, Ìjẹ̀bú oníṣòwò, Tápà, Ìbò, gbogbo wọn jókòó lórí ẹrù wọn, wọ́n ń gbọ́ ọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ń dùn gan-an, tí Sànyà nawọ́ sókè pé, "Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibo lẹ ń lọ?" ni rélùwéè fun fèrè. Gbogbo wọn dáhùn pé Ìbàdàn ni àwọn ń lọ, wọ́n gbẹ́rù, wọ́n sì wọlé. Ó ku Sànyà, ó ku Pásítọ̀, ó ku ọkùnrin kan tó sùn tí rélùwéè rẹ̀ fi lọ. Nígbà tí ọkùnrin náà jí, Sànyà ló fẹ́ lù.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó wá jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun mi, kò sì bi mí ní ìbéèrè kankan. Àyà mi já.

"Ìyá, wọ́n ní ó ku ẹ̀ẹ̀kan, níwájú ilé yìí, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Tí mo bá tún fìdí rẹmi, wọ́n á ní kí n padà sóko bàbá mi, Ìbísọ́lá á sì di ìyàwó oníyàwó." Ó káwọ́ lérí. "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni mi ò ní. Ènìyàn ni mi ò ní. Ẹni tó máa jókòó tí kò ní dìde."

Ìgbà tó sọ pé ènìyàn ló kù, ọkàn mi balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti dé ibi tí mo mọ̀. Àwa tí a wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ kò kó ẹrù púpọ̀ dání, ṣùgbọ́n a kó àáró wa bọ̀. Nílé, oko la fi ń ṣe é: a ó kọ ebè lágbájá lónìí, a ó kọ ti làkásègbè lọ́túnla. Ní Agége, àáró la fi mọ ògiri ẹ̀yìnkùlé wa, òun la fi gbẹ́ kànga Sànní olóbì, òun náà la fi ń po ìyẹ̀fun tí ọdún iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Òfin rẹ̀ kò ju méjì lọ. Ẹni tó bá jẹ oúnjẹ àáró ti jẹ gbèsè iṣẹ́. Ẹni tí a bá sì ṣe fún tí kò bá san án padà, a kì í bá a jà, a kàn ń kí i tìkọ̀-tìkọ̀ ni títí tí yóò fi kó kúrò ládùúgbò. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Mo gba ọ̀dọ̀ ọkọ mi lọ, nítorí òun ni olórí àáró wa.

"Àáró ìwàásù?" Bàbá Sùlíyá yọ fìlà, ó họ orí. "Kí la fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"A ó jókòó, a ó gbọ́ ọ."

"Láìdìde?"

"Láìdìde."

"Háà. Ebè rọrùn jùyẹn lọ o."

A lọ bi Alfa Shuaib tí ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní kéwú bóyá kò burú. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni Alfa, kì í yára dá ọ̀rọ̀ lóhùn. Ó gbá tẹ̀sùbáà rẹ̀ jọ sọ́wọ́ kan, ó ronú.

"Etí ni ọmọ náà fẹ́ yá," ló wí. "Kò ní gé e lọ. Èmi náà ní wòlímọ̀ àwọn ọmọ kéwú mi lọ́jọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Sùlíyá yín sì wà nínú wọn. Kí ó wá san án níbẹ̀."

Bí a ṣe parí ẹ̀ nìyẹn. Ó jọ pé Sànyà nìkan ni a gbàgbé láti sọ fún.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé, gbogbo àáró pé síwájú ilé wa. Àwọn kan tí iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe kò yé gbé ọkọ́ dání. Wahab, ọmọkùnrin tí ń dáná sí àdìrò wa láti òru mọ́jú, tí kì í sì í rí ibi fẹ̀yìn tì kí ó má sùn, gbé ṣọ́bìrì wá.

"Ìyá Sùlíyá, ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?"

"Gbé e kalẹ̀ kí o jókòó. Ẹnu ni wọ́n fẹ́ fi gbẹ́ ẹ."

Sànyà jáde láti inú yàrá rẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó le gbagidi. Ó rí èrò, inú rẹ̀ dùn. Ó rí ọkọ́, ojú rẹ̀ yí padà. Ọmọ àgbẹ̀ ni òun náà, kò sí ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n ń pè ní àáró. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá, kí lẹ sọ fún wọn?"

"Mo ní kí wọ́n wá ràn ọ́ lọ́wọ́, wàá sì san án níbi wòlímọ̀ Alfa. Ó yá, wàásù jàre, Pásítọ̀ rẹ ló ń bọ̀ yẹn."

Pásítọ̀ Adéríbigbé sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin kúkúrú ni, ó wọ kóòtù dúdú nínú ooru, ó sì wo èrò náà láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni pé ó ń wá ibi tí rélùwéè máa gbà yọ. A fún un ní àga. Sànyà bẹ̀rẹ̀.

Mo ti gbọ́ ìwàásù rẹ̀ yẹn lójú àlá rẹ̀ rí, nítorí ó máa ń wàásù lójú oorun. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó ṣìnà nínú oko obì ni, tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, tí kò sì mọ ọ̀nà ilé. Ó yẹ kí a dákẹ́ kí a máa gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń dákẹ́ lẹ́nu àáró? Bí ẹni tó ni iṣẹ́ bá ń ṣiṣẹ́, ṣe là á gbè é.

"Oko obì ta ni?" Sànní olóbì béèrè, ó ti dìde dúró. "Tó bá jẹ́ èyí tó wà lọ́nà Ọgbà, kí ó di ọwọ́ òsì mú, á já sójú irin."

"Kò mọ ọ̀nà, Bàbá," ni Sànyà wí. "Ó ti sọnù pátápátá."

"Mo ń sọ ọ̀nà fún un lọ́wọ́, o ní kò mọ̀ ọ́n!"

Bàbá Sùlíyá ní kí Sànní jókòó. Sànyà nu ojú, ó gbóhùn sókè. "Bẹ́ẹ̀ ni ẹlẹ́ṣẹ̀ rí! Láìronúpìwàdà, ẹlẹ́ṣẹ̀ yóò ṣègbé!"

"Àmín!" ni gbogbo wa dáhùn.

"Òkùnkùn yóò bò ó mọ́lẹ̀!"

"Àmín, láṣẹ Ọlọ́run!"

"Ẹ túbọ̀ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́!" Bàbá Sùlíyá ń pariwo, ó ń rìn láàárín wa bó ṣe máa ń rìn láàárín ebè. "Ẹ̀yin apá ọ̀hún, mi ò gbọ́ ohùn yín! Ṣé bí wọ́n ṣe ṣe ní kànga tiyín nìyẹn?"

Pásítọ̀ sún síwájú lórí àga. Mo rí i pé ẹnu yà á. Lójú tèmi, iṣẹ́ ń lọ. Wahab nìkan ló ń bà wá jẹ́, ó ti fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń hanrun. Mo rọra lọ jókòó tì í. Kò pẹ́, Sànyà na ọwọ́ méjèèjì. "Ta ló fẹ́ tẹ̀lé Jésù nínú yín? Kí ó nawọ́ sókè!"

Gbogbo wa wo ara wa. Bí ẹni tó ni àáró bá béèrè pé ta ló máa gba poro tó kù, ta ló máa jókòó kí ojú tì í? Bàbá Sùlíyá nawọ́. Sànní nawọ́. Alfa Shuaib pàápàá na tirẹ̀ díẹ̀, tẹ̀sùbáà ń mì lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi na ọwọ́ méjèèjì, nítorí èmi ni mo pe àáró. Mo já Wahab ní èékánná.

"Nawọ́!"

"Kí ló ní?" Wahab ń la ojú.

"Èwo ni tìẹ nínú ohun tó ní? Tí oníwàásù bá ti béèrè nǹkan báyìí, ìwọ sáà nawọ́."

Wahab nawọ́, ó sì tún sùn pẹ̀lú ọwọ́ lókè.

Pásítọ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Omi wà lójú ọkùnrin náà ní tòótọ́. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ Olúwa, òun kò rí irú rẹ̀ rí. A gbé oúnjẹ àáró jáde, búrẹ́dì gbígbóná àti ẹ̀wà, ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó ń gun kẹ̀kẹ́, ó di ọwọ́ Sànyà mú.

"Lọ́jọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn, mò ń bọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìrìbọmi fún wọn. Tí mo bá ti bá wọn nílẹ̀, o yege."

Ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ wòlímọ̀ gan-an! Mo wo Sànyà, ó wò mí. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ó tún pa á dé. Kẹ̀kẹ́ Pásítọ̀ ti lọ.

Ọ̀sẹ̀ náà, Sànyà kò jẹun ká sọ pé ó jẹun. Ìbísọ́lá wá kí i, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní bàbá òun ti ń béèrè irú àga tí wọ́n máa ṣètò fún ìdána. Sànyà rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eyín ń dùn. Nígbà tó lọ tán, ó wá bá mi nídìí ìyẹ̀fun.

"Ìyá, ṣé mo lè san àáró yìí lọ́jọ́ mìíràn?"

"A kì í sún àáró, Sànyà. Sùlíyá ọmọ mi ló máa kà níwájú gbogbo ayé lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ méjèèjì ni mo nà fún ọ o, kì í ṣe igi."

"Ṣé ẹ̀yin gan-an gbà á gbọ́?"

"Gba kí ni gbọ́?"

"Ohun tí ẹ nawọ́ sí."

"Ìwọ ni mo nawọ́ sí," ni mo wí, mo sì ń bá ìyẹ̀fun mi lọ, nítorí ìbéèrè náà dà bí ìbéèrè òmùgọ̀ lójú mi. Ṣùgbọ́n ó dúró síbẹ̀ pẹ́, ó ń wò mí bí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun.

Ọjọ́ wòlímọ̀ pé. Kí n sọ ohun tí ojú mi rí: Sànyà ló kọ́kọ́ dé. Ó sáré ti ìsìn tiwọn dé, ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó gbé àga, ó pọn omi, ó ru ìkòkò ìrẹsì lórí. Èmi ń yangàn kiri pé ayálégbé mi nìyẹn. Àwọn ọmọ jókòó nínú láwàní funfun, wàláà wọn wà lórí itan, Sùlíyá sì kà débi pé mo gbàgbé pé mo ní ẹsẹ̀. Mo sunkún, ojú kò tì mí.

Bí ó ṣe kà tán ni agogo kẹ̀kẹ́ dún lẹ́yìn èrò. Pásítọ̀ Adéríbigbé ló dúró sí ọ̀hún, ó di àwọn ìwé kékeré kan mọ́ àyà. Ó wo Bàbá Sùlíyá nínú láwàní. Ó wo Sànní. Ó wo Alfa Shuaib lórí àga gíga. Ó ń wò wá bí ẹni tí wọ́n yí ilé rẹ̀ padà lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá Sùlíyá sáré pàdé rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. "Pásítọ̀, ẹ káàbọ̀! Ẹ ò jẹ́ jẹ gbèsè. Ẹ̀yin náà wá san tiyín!" Kí ó tó béèrè gbèsè kí ni, ọkọ mi ti gbé e jókòó sí iwájú pátápátá.

Alfa dìde. Ó ní kí gbogbo wa bá àwọn ọmọ náà ṣe ìjẹ́rìí pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ni ó wà, pé Ànábì ìránṣẹ́ Rẹ̀ ni. A gbohùn sókè, ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mì. Mo yíjú sí Sànyà kí n lè rí i bó ṣe ń san án fún wa. Ẹnu rẹ̀ pa dé. Ó dúró ṣánṣán lẹ́bàá ìkòkò ìrẹsì, ètè rẹ̀ kò mì.

Èmi nìkan kọ́ ló rí i. Olórí àáró rí i.

"Sànyà!" Bàbá Sùlíyá ké. "Ẹnu ẹ dà?"

Gbogbo orí yí sí i. Sànyà wo Pásítọ̀. Ó wo ọkọ mi. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Ìbísọ́lá ló wà lọ́kàn rẹ̀, nítorí kò sí bí yóò ṣe sọ̀rọ̀ tí kò ní pàdánù ẹnì kan.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ forí jì mí, Alfa. Ẹ forí jì mí, Bàbá. Iṣẹ́ tó bá wà nílé yìí, ẹ gbé e fún mi, màá ṣe é dọ̀la. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ wí yẹn, mi ò lè fi ẹnu lásán wí i, nítorí ohun tí mo gbà gbọ́ yàtọ̀, ọ̀rọ̀ yín sì tóbi ju kí n máa fi purọ́ lọ." Ó yíjú sí Pásítọ̀. "Sà, ọwọ́ tí wọ́n nà ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi ni wọ́n nà án sí. Àáró ni. Mo mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì dákẹ́."

Inú bí mi! Kí n sọ òótọ́, mo fẹ́ ju ìpọnmi lù ú. Níjọ́ ọmọ mi! Títí dòní, mo ṣì gbà pé ó yẹ kí ó ti wá ẹ̀yìn ẹnì kan dúró sí, níbi tí a kò ti ní rí ẹnu rẹ̀. Àwọn kan ti ń kùn. Alfa Shuaib gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́.

"Ẹ jẹ́ kí ó dìde," ló wí. "Ẹni tí kò lè purọ́ fún mi níwájú èrò báyìí, mo lè fi ilé mi sílẹ̀ fún un kí n lọ Mẹ́kà. Àwa gan-an la ro oko rẹ̀ lóréfèé, a gé koríko, a fi gbòǹgbò sílẹ̀. Ẹ gbé ìrẹsì wá."

Bàbá Sùlíyá, tí kì í mọ ìgbà tó yẹ kí ènìyàn dákẹ́, tẹ̀ sí etí Pásítọ̀ pé, "Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ jẹ búrẹ́dì yẹn o."

Pásítọ̀ gbé àwọn ìwé rẹ̀ sórí àga. Ó bọ́ kóòtù dúdú náà, ìgbà àkọ́kọ́ tí a máa rí apá rẹ̀ nìyẹn. "Àgbẹ̀ ni bàbá tó bí mi lọ́mọ," ló wí. "Iṣẹ́ wo ló kù?"

Ìkòkò ló kù. Mo fi omi àti eérú sí iwájú òun àti Sànyà lẹ́yìnkùlé, mo sì ṣe bí ẹni tó ń ṣa igi nítòsí kí n lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ìkòkò.

"Sànyà," ni Pásítọ̀ wí, "ènìyàn mélòó ni o jèrè nílé yìí?"

"Kò sí, sà."

"Ní Sátidé ọjọ́sí, ènìyàn mélòó nínú wọn ló mọ ohun tí o gbà gbọ́?"

"Kò sí, sà. Wọ́n ń ṣe àmín ni."

"Mélòó ló mọ̀ ọ́n báyìí?"

Sànyà gbé orí sókè, ó wo gbogbo agbo ilé náà, láti ọ̀dọ̀ Alfa dé ọ̀dọ̀ Sànní, títí tí ojú rẹ̀ fi dé ọ̀dọ̀ èmi tí mò ń ṣa igi kan ṣoṣo láti àárọ̀.

"Gbogbo wọn, sà."

"Ìyẹn ni wọ́n rán wa. O yege." Pásítọ̀ wo inú ìkòkò ọwọ́ rẹ̀. "Tún ìdí ìkòkò tìẹ yẹn fọ̀, ó ṣì dúdú."

Mo ju igi mi sílẹ̀, mo pariwo ayọ̀, mo sì gbàgbé pé inú ń bí mi.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n fún Sànyà ní ìjọ, wọ́n sì so òun àti Ìbísọ́lá pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìkẹjà, akọ̀wé rélùwéè sì gbé ẹja rẹ̀ lọ síbòmíràn. Gbogbo àáró wa ló lọ. Alfa jókòó ní ìlà kejì, ó di bàtà rẹ̀ mú títí Sànní fi sọ fún un pé níbí wọn kì í bọ́ ọ. Wahab dáná búrẹ́dì ìgbéyàwó mọ́jú, nítorí náà, bí ó ṣe fẹ̀yìn kan àga báyìí, ó di oorun.

Ìbísọ́lá dúró nínú aṣọ funfun, kò tiẹ̀ lè pa ẹ̀rín rẹ̀ mọ́ra. Pásítọ̀ Adéríbigbé ṣí ìwé rẹ̀, ó wo èrò yíká, ó sì béèrè bóyá ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀ tó mọ ìdí kan tí a kò fi gbọdọ̀ so àwọn méjèèjì pọ̀.

Ọwọ́ Wahab lọ sókè.

Bàbá Ìbísọ́lá fò dìde. Ẹ̀rín kúrò lójú ìyàwó, Sànyà sì yíjú padà, kò wo Wahab, èmi ló wò. Mo fẹ́ fa ọwọ́ náà wálẹ̀, ọ̀nà jìn. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń wo ọwọ́ kan ṣoṣo yẹn tó nà gbọnrangandan lórí ẹni tó ń hanrun.

Pásítọ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wò ó dáadáa.

"Mo mọ ọwọ́ yẹn," ló wí. "Àáró ni. Ẹni tó bá wà nítòsí, kí ó bá mi sọ ọ́ kalẹ̀."